Àkíyèsí fún Ìwádìí Sáyẹ́ǹsì: Ẹ Jẹ́ Ká Bẹ̀rẹ̀ Lọ́dọ̀ Alángbá Orí Olúmọ

Alángbá kan jókòó sórí àpáta Olúmọ, nítòsí ibi tí àwọn àlejò ti máa ń ya fọ́tò. Orí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ara rẹ̀ dúdú mọ́ àwọ̀ aró. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbé àyà sókè, ó mi orí. Ẹ bi ọmọ Ẹ̀gbá èyíkéyìí ní ohun tó ń ṣe, kò ní ronú kó tó dá yín lóhùn: "Ó ń yin ara rẹ̀ ni. Ó ní òun já láti orí ìrókò, bí ẹnikẹ́ni ò bá yin òun, òun á yin ara òun." Òwe náà dùn, èmi náà máa ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ "alángbá yin ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin" sínú ìwé ìwádìí kò tíì ṣe àkíyèsí kankan. Orí ló lọ sókè tó padà wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìyẹn lojú rí. Inú òwe ló ti lọ mú ìyìn wá.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn ka ìwé àkọsílẹ̀ próójẹ́ẹ̀tì wọn nílùú Abẹ́òkúta yìí, àṣìṣe tí mo sì ń bá pàdé jù kì í ṣe ti ìṣirò. Wọ́n á rí nǹkan kan, wọ́n á kọ nǹkan mìíràn, wọn ò sì ní mọ̀ pé àwọn ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ tò ó lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni tó fẹ́ fi ojú ṣe ìwádìí ṣe lè ṣe é, ìbáà jẹ́ ẹranko, ewéko tàbí èèyàn ló fẹ́ wò.

Ohun èlò ò pọ̀: ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, báírò méjì, aago tàbí fóònù, omi mímu, àti ẹnìkejì. Ẹnìkejì yìí ni àwọn èèyàn máa ń yọ sílẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ o.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ìbéèrè tí ojú lè dáhùn

"Kí ló dé tí alángbá fi ń mi orí?" Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ojú nìkan ò lè dáhùn rẹ̀, torí a ò lè wọ inú alángbá lọ. "Ṣé akọ alángbá máa ń mi orí sí i bí akọ mìíràn bá sún mọ́ ọn?" Èyí, ojú lè dáhùn rẹ̀. Ẹ ó ka iye ìgbà tó mi orí nígbà tó dá wà, ẹ ó ka iye ìgbà tó mì í nígbà tí akọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nítòsí, ẹ ó fi méjèèjì wéra. Irú kíkà bẹ́ẹ̀ làwọn onímọ̀ fi mọ̀ pé akọ ń fi orí mímì kìlọ̀ fún akọ mìíràn pé ilẹ̀ yìí ní onílẹ̀, ó sì tún ń fi pe abo. Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ ni, a sì mọ̀ ọ́n dáadáa níbí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Kí ni à ń pè ní "orí mímì" kan? Bí orí bá lọ sókè tó padà sílẹ̀, ẹ ka ọ̀kan. Bó bá fi ọwọ́ méjèèjì ti gbogbo ara sókè ńkọ́, bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń fìyà jẹ? Bó bá kàn gbé orí wo ẹyẹ tó ń fò kọjá ńkọ́? Bí ẹ ò bá ti pinnu ṣáájú, ọwọ́ yín á pinnu fún yín lórí àpáta, bó ṣe pinnu láàárọ̀ sì kọ́ ni yóò ṣe pinnu nígbà tí oòrùn bá ti pa yín.

Ti èèyàn tilẹ̀ le ju ti alángbá lọ. Ẹ wọ ilé oúnjẹ èyíkéyìí ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá lọ́sàn-án. Abọ́ omi kan wà lórí tábìlì. Ọkùnrin kan jókòó, ó ti ìka mẹ́ta bọ omi náà, ó gbọn ọwọ́ nù, ó fi nu ṣòkòtò, ó bu òkèlè láfún. Ṣé ó fọ ọwọ́ àbí kò fọ̀ ọ́? Ẹ bi òun fúnra rẹ̀, á ní òun fọ̀ ọ́. Nítorí náà ẹ fún un ní nọ́ńbà: 0 fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò kan omi, 1 fún ẹni tó fi omi nìkan ṣan ọwọ́, 2 fún ẹni tó fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ méjèèjì. Ìka mẹ́ta nínú abọ́? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé 1 ni, tàbí pé 0 ni. Èyí tó bá wù yín, ẹ sáà ti kọ ọ́.

Ẹ fi ìtumọ̀ náà dánrawò fún wákàtí kan, ẹ tún ibi tó bá rọ̀ ṣe, lẹ́yìn náà ẹ tì í pa. Bó bá wá di dandan kẹ́ ẹ yí i padà láàárín iṣẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dunni, mo mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ta lẹ máa wò, nígbà wo?

Bí ẹ bá fi ojú sílẹ̀, akọ olórí pípọ́n ló máa wò ṣáá. Abo alángbá tó ní àwọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ alángbá náà wà níbẹ̀, ẹ ò ní rí wọn, ẹ ó sì padà sílé wá sọ pé akọ ló pọ̀ jù lórí Olúmọ. Jeanne Altmann, onímọ̀ ìhùwàsí ẹranko ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1974, títí di òní ni wọ́n sì ń lo ohun tó là sílẹ̀. Ọ̀nà méjì nínú rẹ̀ tó fún iṣẹ́ kékeré. Èkíní, ẹ yan ẹranko kan ṣoṣo, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, ẹ kọ gbogbo ohun tó ṣe, àní bó tilẹ̀ sùn. Èkejì, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹ gbé ojú láti apá òsì dé apá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí olúkúlùkù ń ṣe ní àkókò náà gan-an, kẹ́ ẹ tún sinmi.

Ẹ má fi ọwọ́ ara yín yan èyí tẹ́ ẹ máa wò. Ẹ kọ nọ́ńbà sí bébà pélébé, ẹ ká wọn, ẹ pò wọ́n pọ̀ nínú fìlà, ẹ mú ọ̀kan. Àkókò náà ńkọ́? Òwúrọ̀ ni alángbá máa ń yá oòrùn. Bí ooru bá mú, á wọ abẹ́ òjìji. Ẹni tó bá jẹ́ pé aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá nìkan ló ń lọ, ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ojú ìwé náà

Ẹ pín ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta: aago, ohun tí mo rí, èrò mi. Báyìí ló ṣe máa rí:

8:14. Akọ A wà lórí òkúta pẹrẹsẹ. Ó mi orí, 4. Akọ B wà ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí i. Èrò: bóyá ó ti rí B.
8:15. Kò mi orí, 0. Ọmọdé mẹ́ta gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó sá wọ pàlàpálá òkúta.
8:16. Mi ò rí i.

Ẹ wo ìlà kejì àti ìkẹta dáadáa. "0" ni pé mo rí i, kò sì mi orí. "Mi ò rí i" ni pé n kò mọ̀. Ẹni tó bá kọ òdo sí méjèèjì ti purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní in lọ́kàn láti purọ́. Bí ẹ bá ṣi nǹkan kọ, ẹ fa ìlà kan lé e lórí tí a ó ṣì fi lè kà á. Ẹ má fi tí-pẹ́ẹ̀sì pa á rẹ́.

Ohun tó ṣòro jù nínú ìpín àárín yẹn ni kí èèyàn kọ ohun tó rí, kó má kọ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń gba Ìtòkú kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, mo sì ti dúró ti àwọn aláró tí wọ́n ń rẹ aṣọ láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ kan, mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dání, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá aláró kan fa aṣọ yọ nínú ìkòkò.

"Àǹtí, aṣọ yẹn mà ní àwọ̀ ewé!"

Ó kù díẹ̀ kí n ní kó panu mọ́, pé aró ni, aró kì í ní àwọ̀ ewé. Mo wò ó. Àwọ̀ ewé ni lóòótọ́, ewé tó fẹ́ẹ́ pọ́n. Ìyá náà tẹ́ ẹ sórí okùn, ojú wa níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù, láti etí aṣọ wọ àárín. Ìyá wo èmi, kò wo ọmọ: "Ẹ ò rí i rí ni?" Nínú ìkòkò, aró ti yí padà sí irú èyí tó ń yòrò nínú omi, kò sì ní àwọ̀ búlúù; ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń dá a padà tí búlúù fi ń jáde tó sì ń lẹ̀ mọ́ òwú. Gbogbo ọdún yẹn, ojú mi ń rí àwọ̀ ewé, èmi ń kọ búlúù sọ́kàn. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn níṣẹ́, ọmọ tuntun tí kò mọ nǹkan kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi léèrè ohun tó rí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ojú méjì, ìwé méjì

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín jọ wo alángbá kan fún ọgọ́ta ìṣẹ́jú. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù kọ "bẹ́ẹ̀ ni" bó bá rí i tó mi orí, "rárá" bí kò bá mì í. Ẹ ò gbọdọ̀ yọjú wo ìwé ara yín. Nígbà tẹ́ ẹ parí, ẹ rí i pé ẹ jọ kọ bẹ́ẹ̀ ni ní ìṣẹ́jú 18, ẹ jọ kọ rárá ní 33. Ẹ̀yin nìkan kọ bẹ́ẹ̀ ni ní 6, òun nìkan kọ ọ́ ní 3. Ẹ fohùn ṣọ̀kan ní 51 nínú 60, ìyẹn 85 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹni méjì tó di ojú tó ń kọ ohun tó wù ú náà á ṣe déédéé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Jacob Cohen ló fún wa ní ìṣirò tó ń yọ oríire yẹn kúrò, lọ́dún 1960. Kappa ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin kọ bẹ́ẹ̀ ni ní 24 nínú 60, ìyẹn 0.40, òun kọ ọ́ ní 21, ìyẹn 0.35. Ẹ fi 0.40 ṣe ìlọ́po 0.35, ó jẹ́ 0.14. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún rárá, 0.60 àti 0.65, ó jẹ́ 0.39. Ẹ pa méjèèjì pọ̀: 0.53. Oríire nìkan lè fún yín níyẹn. Wàyí o, ẹ yọ 0.53 kúrò nínú 0.85, ó ku 0.32. Ẹ yọ 0.53 kúrò nínú 1, ó ku 0.47. Ẹ fi 0.47 pín 0.32: 0.68. Landis àti Koch, nínú ìwé tí wọ́n kọ lọ́dún 1977, ka 0.61 sí 0.80 sí ìfohùnṣọ̀kan tó lágbára. Èmi náà á gbà á, àmọ́ mo máa ń ní kí wọ́n padà sí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tí ẹnu wọn ò ti kò. Nígbà míì, ohun tí wọ́n ń bá níbẹ̀ ò ju pé oòrùn mú ẹnì kan lójú lọ.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan rí nítorí irú ìyàtọ̀ yìí. Ní ilé ìwòràwọ̀ Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nevil Maskelyne lé igbákejì rẹ̀, David Kinnebrook, kúrò níṣẹ́ lọ́dún 1796. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Àkókò tó ń kọ sílẹ̀ nígbà tí ìràwọ̀ bá kọjá lójú awò fi nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá yàtọ̀ sí ti ọ̀gá. Lẹ́yìn ohun tó lé ní ogún ọdún ni Bessel, ará Jámánì, kíyè sí i pé àwọn awòràwọ̀ tó mọṣẹ́ dunjú náà ń yàtọ̀ síra wọn bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ìgbà náà bóyá ọ̀gá ló ń yá jù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹni tẹ́ ẹ ń wò náà ń wò yín

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo wà lára àwọn tó ka bí àwọn olóúnjẹ ṣe ń fọ ọwọ́ nínú ọjà kan. Mo wọṣọ tó mọ́, mo gbé fáìlì dání.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"Ẹ ṣé o, ọmọ mi. Ṣé kò sí o? Ṣé wolé-wolé ni yín?"

"Rárá o, Mà. Ìwádìí iléèwé ni."

"Olúwa á gbè yín o." Ó yíjú sí ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́: "Ìwọ, gbé ọṣẹ yẹn jáde!"

Ọṣẹ náà jáde nínú ọ̀rá, bébà rẹ̀ ṣì wà lára. Gbogbo ọjọ́ yẹn, 2, 2, 2 ni mò ń kọ. Ọmọbìnrin náà ń fọ ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti ń gbàgbé díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, Màmá ní kí n bá òun wo ìkòkò kó má jóná. Mo ti di ọmọ ilé. Lọ́jọ́ kẹfà, mo rí i tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, tó fi ọwọ́ kan náà gé ẹran, tí omi ò kàn án. Bí mo bá ti fà á dúró sí ọjọ́ kejì, bí àwọn kan nínú wa ṣe fẹ́, bí olóúnjẹ ṣe ń fọ ọwọ́ níwájú wolé-wolé ni ǹ bá kọ fún yín.

Ìtàn ilé iṣẹ́ Hawthorne nítòsí Chicago, láàárín 1924 sí 1932, ni wọ́n máa ń fi ṣàlàyé èyí: wọ́n ní iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ń pọ̀ sí i, bóyá wọ́n tan iná sí i tàbí wọ́n dín in kù, torí pé wọ́n mọ̀ pé à ń wo àwọn. Ẹ fi ìṣọ́ra sọ ìtàn náà o. Àwọn tó tún àkọsílẹ̀ iná yẹn yẹ̀ wò lẹ́yìn náà rí i pé ìtàn ti dùn ju ẹ̀rí lọ. Ti ọṣẹ Màmá ni mo gbà gbọ́, torí ó ṣojú mi.

Kí la máa wá ṣe? Ẹ pinnu ṣáájú pé àkọsílẹ̀ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní wọ ìṣirò, kẹ́ ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn yín. Ẹ jókòó síbi tí oníbàárà ń jókòó sí. Ìwé kékeré ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fi fáìlì sílé. Ẹ wá ohun tí kò mọ̀ pé à ń wo òun: ẹ wọn ọṣẹ náà lórí òṣùwọ̀n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ ó mọ iye tó lọ. Bó bá sì jẹ́ ẹranko, sùúrù ni. Oṣù Keje ọdún 1960 ni Jane Goodall dé Gombe, ní ilẹ̀ tó di Tanzania lónìí. Àwọn ìnàkí ń sá fún un. Oṣù Kọkànlá ló tó rí èyí tó sọ ní David Greybeard tó ń ki koríko bọ ilé ikán láti fi yọ ikán jẹ.

Àwọn ọmọ tó ń ka fíìsíìsì máa ń bi mí bóyá ohun kan náà nìyí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé bí a bá ti wo ohun tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, ó máa ń yí padà. Rárá o. Ti ibẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n ló ń kàn án, ìmọ́lẹ̀ tàbí ohun mìíràn, bóyá èèyàn wà nínú yàrá tàbí kò sí.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń kà mọ ohun tẹ́ ẹ ń retí

Ní Berlin, ẹṣin kan wà tí wọ́n ní ó mọ ìṣirò. Olówó rẹ̀ á bi í ní méjì àti mẹ́ta, ẹṣin á fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, á dúró. Oskar Pfungst yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1907. Bí ẹni tó ń béèrè kò bá mọ ìdáhùn, ẹṣin náà ò ní mọ̀ ọ́n. Bí ẹṣin kò bá rí ẹni tó ń béèrè, ó ti ṣì í nìyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí ẹṣin bá ti lu ilẹ̀ dé ìdáhùn, orí ẹni tó béèrè á gbé sókè fíntínní, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀. Ẹṣin ló mọ àkíyèsí í ṣe jù láàárín wọn.

Ẹ wá gbé e wá sí oko. Ẹni tó bá ń ka àrùn mósáíkì lára ewé ẹ̀gẹ́ ní Àlàbátà, níbi tí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà, máa ń fún igi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 1, ìyẹn kò sí àrùn, dé 5, ìyẹn ó ti bàjẹ́ gan-an. Ewé kan á wà tí kò hàn bóyá 2 ni tàbí 3. Bí ẹ bá mọ̀ pé irúgbìn tuntun tẹ́ ẹ ti ná owó lé lórí nìyí, ọwọ́ yín á tẹ̀ sí 2. Nítorí náà, kí ẹnì kan tí kò ní ka ewé kọ lẹ́tà sí oko kọ̀ọ̀kan, K, M, P, kó fi ìtumọ̀ wọn pamọ́ títí kíkà á fi parí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ gba àṣẹ, ẹ sì gbọ́ èdè wọn

Bó bá jẹ́ èèyàn lẹ fẹ́ wò, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìwà ìwádìí ní iléèwé tàbí ilé ìwòsàn yín; ìlànà orílẹ̀-èdè wa lórí ìwà nínú ìwádìí ìlera ti wà láti ọdún 2007. Lẹ́yìn náà ẹ lọ kí ìyálọ́jà tàbí baálẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé, ẹ má ya fọ́tò ojú ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ. Ẹ lè fi ohun tẹ́ ẹ ń kà gan-an pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i, àmọ́ irọ́ ò sí níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ padà lọ sọ ọ́ fún wọn. Mo padà lọ bá Màmá. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní àánú mi ló ṣe òun tí òun ò fi lé mi.

Ti èdè yẹn, ní Aró, àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta yìí, ni mo ti kọ́ ọ. Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí lọ́dún 1923, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ níbẹ̀ lọ́dún 1954, tó sì jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé àyíká, tó tún ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tí òun àti Alexander Leighton láti yunifásítì Cornell jọ ṣe ìwádìí nílùú àti lábúlé, tí ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1963, wọ́n ní láti wádìí ohun tí Yorùbá fúnra rẹ̀ ń kà sí àìsàn ọpọlọ àti ohun tí kò kà sí i. Ẹni tó bá gbé fọ́ọ̀mù ilẹ̀ òkèèrè dé tí kò ṣe èyí, àmì tó ti ní lórúkọ nìkan ló máa rí.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìròyìn

Ẹ kọ iye wákàtí tẹ́ ẹ fi wò, iye ẹni tó wò, ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, ọjọ́ tẹ́ ẹ yọ sílẹ̀ àti ìdí rẹ̀, kappa yín, àti ẹni tó mọ ìtumọ̀ lẹ́tà àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbésẹ̀ kejì síbẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, títí kan ọ̀rọ̀ ìka mẹ́ta inú abọ́. Iye ìgbà tẹ́ ẹ kọ "mi ò rí i" náà, ẹ kà á, ẹ kọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta. Mo ti rí ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òjò Oṣù Kẹfà fọ̀ mọ́ féú láti orí Olúmọ dé Ìtòkú.